Ìdána Kejì

Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ru iṣu méjìlélógójì
lọ sílé àwọn Fálóyè ní Òdò-Ọwá.
Ìyá ìyàwó mi fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan,
ó yọ mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ìdí wọn rọ̀.
Àbúrò mi gun ọ̀kadà padà sí Ìjerò lọ wá mẹ́ta mìíràn,
ẹ̀rín la fi parí rẹ̀.

N kò mọ̀ pé ìdána ṣì ku ọ̀kan.

Ọmọ́yẹni ló ń san èyí. Èmi ni wọ́n ń gbé níyàwó.
Ìlú òtútù ló wà, iṣẹ́ òru ló ń ṣe nílé àwọn arúgbó,
ó ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fọ ẹnu fún wọn.
Ìjọba ibẹ̀ ní bó bá fẹ́ kí ọkọ òun wá bá òun,
kó kó owó oṣù mẹ́fà sílẹ̀ kí àwọn wò ó,
oṣù mẹ́fà gbáko, kí ẹyọ kan má ṣe fi kọ́bọ̀ dín;
kí ìwé ibi iṣẹ́ àti ìwé báńkì máa wí ọ̀rọ̀ kan náà
bí ẹlẹ́rìí méjì tí kò sùn sílé kan.
Wọ́n tún bèèrè ilé: yàrá mélòó? Ta ló ń gbé ibẹ̀?
"Ulé kẹ̀?" ni ìyá mi wí,
ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Èmi tí mò ń jó irin mọ́ irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì Ìjerò,
mo di ẹrù lórí òṣùwọ̀n ẹlòmíràn.
Bí oníbàárà bá ní, "Wẹ́dà, ìgbà wo lẹ ń lọ gan-an?"
màá fa dígí dúdú bojú,
màá jẹ́ kí iná dá a lóhùn.

Oṣù kìíní, ó pé. Ó ya fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́.
Oṣù kejì, ó pé, ó tún lé díẹ̀;
ó ní òun fi èyí tó lé ra bàtà, kí n má bínú.
Èmi? Kí n máa bínú bàtà?
Oṣù kẹta, ó pé.

Oṣù kẹrin, ikọ́ ìyá mi di ẹ̀jẹ̀.
A gbé e dé Adó, wọ́n tẹ́ ẹ sí wọ́ọ̀dù.
Mo pe Ọmọ́yẹni, mo ní, "Má fi mí sílẹ̀ lálẹ́ yìí."
N kò sọ pé kó má lọ síbi iṣẹ́.
Àbí mo sọ ọ́?
Òru mẹ́rin ló bá wa ṣe lórí fóònù,
ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí aláìsàn padà
tí egungun kò fi ní dun ún,
bí wọ́n ṣe ń fi òwú tútù nu ètè.
Lóru kẹrin ìyá mi ní kí n gbé fóònù sétí òun.
Ohun tí wọ́n jọ sọ, n kò gbọ́.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti lọ.

Òru mẹ́rin yẹn kò sí nínú ìwé owó oṣù.
Iye tó fi dín kò ju owó bàtà lọ.
Agbẹjọ́rò ní òṣùwọ̀n kì í gbọ́ àlàyé,
kí ó tún un kà láti oṣù kìíní.

Lọ́jọ́ kẹjọ ìsìnkú, ìyá ìyàwó mi wá láti Òdò-Ọwá.
Iṣu mẹ́ta ló wà nínú àpò rẹ̀.
Ó kó wọn sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní, "Tẹ ìdí wọn wò."
Mo tẹ̀ ẹ́. Ó le.

Lánàá, fọ́tò mìíràn wọlé.
Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: oṣù kìíní, ó pé.
Mo wo nọ́ńbà náà títí ojú mi fi ṣú.
Mo bèèrè pé, "Bàtà yẹn ńkọ́?"
Ó ní omi ti ń wọ̀ ọ́.