Awọ Àgbọ̀nrín Kan Náà

Fìtílà mọ́kànlélógún nínú èèpo àgbọn,
èmi ni mo ń bu epo sí i.
Baba mi Sankunni jókòó sẹ́yìn aṣọ funfun,
ọba oníwà tútù lọ́wọ́ ọ̀tún,
lọ́wọ́ òsì, ọba tó jí ìyàwó oníyàwó gbé.

Kò sẹ́ni tó wá wòran lálẹ́ yìí.
Ajá kan, àti Kuttappan tó ń ṣọ́ tẹ́ńpìlì,
tó ti ń hanrun látorí ogun àkọ́kọ́.
"Òrìṣà obìnrin ń wò wá," ni baba mi wí,
ó sì gbóhùn sókè sí i.

Ní kékeré mo bi í pé
níbo ni wọ́n ti rí awọ ẹni burúkú?
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àgbọ̀nrín kan ṣoṣo ni,
tí wọ́n pa létí odò Nila kí wọ́n tó bí òun:
itan rẹ̀ di ẹni rere, àyà rẹ̀ di ọ̀dájú,
àjákù rẹ̀, wọ́n fi gé ẹyẹ.
Ihò tí wọ́n dá lu sí wọn lára
ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde
táyé fi ń pè wọ́n lárẹwà.

Ikọ́ gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.
Òjìji méjèèjì gbọ̀n pọ̀ lójú aṣọ,
olè àti olóhun,
bí ẹni tí òtútù kan náà ń mú.
Ọwọ́ rẹ̀ wá mi kiri. Mo gbé agolo epo sílẹ̀.

Ọba burúkú ló bọ́ sí mi lọ́wọ́.
Mo lanu, mò ń retí ohùn baba mi.
Tèmi ló jáde,
ó sì bá olè náà mu rẹ́gí.

Ajá gbórí sókè.