Eyín Kan Ṣoṣo

Òjò Valdivia kì í béèrè bóyá o ti múra.
Ó ti ń rọ̀ láti Ọjọ́bọ̀, ó ń rọ̀ sórí páànù,
ó ń rọ̀ sórí àwọn kìnnìún òkun tí ń hanrun létí ọjà ẹja,
nígbà tí máṣíìnì Ercilia Huenchul ké lẹ́ẹ̀kan, tó dákẹ́.
Abẹ́rẹ́ lọ sókè. Kò sọ̀ mọ́.

Ó tú u palẹ̀ sórí tábìlì oúnjẹ.
Jíà funfun kan ló bá níbẹ̀, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ.
Eyín ogún ni wọ́n fún un wáyé;
mọ́kàndínlógún dúró, ọ̀kan kán.
Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é sì ti kógbá wọlé
kí Ercilia tó gbé àkọ́bí rẹ̀ lọ iléèwé.

Eliseo Cárcamo, ọmọkùnrin tí ń ṣọ́ ilé ìkàwé, ní:
"Màmá, a ní ẹ̀rọ tí ń fi ike yíyọ́ kọ́ nǹkan,
ìlà lórí ìlà, bí ẹni ń mọ ògiri.
Ṣùgbọ́n kì í dá lá àlá. Ẹ ó kọ́kọ́ yà á fún un.
Ẹ lọ mú sọ́fúwia kan."
Ọ̀kan! Bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n.

Ti àkọ́kọ́ kún fún àwọ̀: àpótí pupa, bọ́ọ̀lù búlúù.
Ó ń fà wọ́n, ó ń tò wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín.
Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́ ó ti kọ́ ilé ajá,
ṣùgbọ́n eyín tó gbẹ́ rí bí eyín ọmọ ọdún méje:
wọ́n wà níbẹ̀, kò sí méjì tó dọ́gba.

Èkejì, ọ̀gá ni. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ òfurufú ló mọ̀ ọ́n.
Ó ní ọ̀fẹ́ lòun, àfi ìgbà tó béèrè ímeèlì,
tó béèrè iye tó ń wọlé fún un lọ́dún,
tó ní òun yóò bá a tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ sínú ìkùukùu.
Ercilia na ọrùn wo ojú fèrèsé.
"Ìkùukùu tibí yìí?
Ohunkóhun tó bá gòkè níbí, rírọ̀ ló máa ń rọ̀ padà."

Ẹ̀kẹta, àwọn àjèjì kan ló ń fi òru wọn kọ́ ọ,
wọn kò gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ó níwà:
o yí ìwọ̀n kan padà nísàlẹ̀,
ihò tó o lu lókè á ṣí lọ sílé ẹlòmíì.
Ẹ̀ẹ̀mejì ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́.
Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo háyà yàrá sí, mo gbọ́ ohun tó pè é.
N kò ní kọ ọ́ síbí.

Ẹ̀kẹrin kò ní nǹkan tí wọ́n ń fà. Ọ̀rọ̀ ni wàá kọ:
sún síwájú, gé kúrò, yí i díẹ̀, tún un ṣe nígbà ogún.
Eliseo ní, "Èyí á le fún yín."
Ercilia yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.
Ogójì ọdún ló ti ń ka ìwé tó ń kọ́ni ní híhun:
méjì sọ́tùn-ún, ọ̀kan sẹ́yìn, tún un ṣe nígbà ogún.
"Kí ló le níbẹ̀, ọmọ mi? Súwẹ́tà nìyí."

Ó fi irin ìwọ̀n gbá jíà náà mú lẹ́ẹ̀mẹta,
ó rí iye mẹ́ta. Ó mú ti àárín.
Ẹ̀rọ sáré lọ sáré bọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, ó ń rùn bí ṣúgà tó jóná.
Èyí tó jáde fún jù.
Ìkejì tú bí ẹ̀jẹ́ olóṣèlú.
Ìkẹta wọlé, ó sì ń han bí eku;
ó ti ń han bẹ́ẹ̀ láti oṣù Karùn-ún,
mo ti fi kọ́ bí mo ṣe ń sùn.

Èyí tó fún jù náà kò ṣòfò.
Ó wà lára kóòtù Eliseo báyìí, ní ipò bọ́tìnì kejì,
gbogbo eyín rẹ̀ pé,
kò bu nǹkan kan jẹ.