Wàrà Lójú Fèrèsé

Ní Ulaanbaatar, èéfín èédú la fi ń jí,
òun náà la fi ń sùn.
Undarmaa fi aṣọ ìnura dí ẹsẹ̀ fèrèsé,
síbẹ̀ ihò imú wa dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ẹni mẹ́rin nínú yàrá, kẹ́tùlù kan ṣoṣo,
búrẹ́dì tó le débi pé òun la fi kan ìṣó
tí a fi ṣo kàlẹ́ńdà ìdánwò kọ́.

Ìyá mi àgbà, Dulmaa, kò mọ ohun tí yunifásítì jọ.
Ó mọ ìdí tí ẹṣin fi ń kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́.
Láàárọ̀ tí mo kúrò ní àgọ́, ó bu wàrà,
ó fi ṣíbí onígi wọ́n ọn sójú ọ̀run,
ó ń wọ́n ọn tẹ̀lé ọkọ̀ wa, ó ń sáré pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún.
Awakọ̀ ń wò wá nínú dígí. Ojú tì mí.
Mo ní, "Màmá, ó tó."
Wàrà náà dì mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn,
ó bá mi wọ ìlú.
Èmi ni mo fi èékánná ha á dànù.

Lẹ́tà àtijọ́ wa kì í rìn gba ẹ̀gbẹ́;
òkè ló ti ń bọ̀, bí òjò,
bí okùn tí wọ́n jù sínú kànga.
Máàkì mẹ́tàléláàádọ́ta ni mo gbà nínú rẹ̀.
Ọ̀gbẹ́ni Gombosuren ní, "Ọwọ́ rẹ ń gbọ̀n."
Mo ní òtútù ni.
Irọ́ ni. Àwọn baba ńlá mi ni mo ń ṣì kọ.

Nígbà tó di Oṣù Kejìlá, a gbọ́ pé èédú ti pòórá.
Kì í ṣe àpò kan, kì í ṣe àpò méjì:
ọkọ̀ tẹ̀lé ọkọ̀, wọ́n gba ààlà kọjá lóru.
Àwa tí à ń ka èédú ní ẹyọ ẹyọ sínú ààrò!
Ta ló kó o? Ẹni tí wọ́n bi ní ẹlòmíràn ni,
ẹlòmíràn sì ti wọ bàálù.
Bí a bá dákẹ́, tara ẹni á bá ni dákẹ́.
A wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, a lọ sí gbàgede.

Yíǹkì bírò Undarmaa dì; ó ki í bọ abíyá kó lè yọ́.
Mo kọ tèmi sára páálí bàtà, láti òkè wá sílẹ̀.
Ọlọ́pàá kan, ọmọdé bíi tiwa, yìnyín lójú ìpéǹpéjú rẹ̀,
tẹ orí sí ọ̀tún, ó tẹ̀ ẹ́ sí òsì.
"Kí ló wà níbẹ̀?"
"Ẹ kà á."
Kò lè kà á. N kò dá a lẹ́bi;
kò dá èmi gan-an lójú pé mo kọ ọ́ re.
*Èédú dà?* ni mo rò pé mo kọ.

Àǹtí mi Tsermaa pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà:
"Obìnrin tó ń pariwo ní gbàgede, ta ni yóò fẹ́ ẹ?"
Mo ní, "Ẹni tí òtútù kò lé wọlé."
Ó pa fóònù.
Ó tún pè padà, ó ní ṣé mo ti jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, ìdánwò. Ìbéèrè kẹta:
*Ṣàlàyé àǹfààní ohun àlùmọ́ọ́nì fún ará ìlú.*
Ẹ̀rín já mọ́ mi lẹ́nu. Alábòójútó wò mí títí.
Mo kọ ojú ewé mẹ́ta, ó mọ́ tónítóní,
kò sí òótọ́ kan níbẹ̀ tó lè bí ẹnikẹ́ni nínú.

Láàárọ̀ yìí, wàrà ṣẹ́ kù nínú ife tíì Undarmaa.
Mo yọ aṣọ ìnura, mo ṣí fèrèsé,
àjà kẹrin, èéfín bò mí lójú,
mo wọ́n ọn, ṣíbí kan, ṣíbí méjì,
n kò mọ ẹni tí mo ń wọ́n ọn fún.
Ẹnìkan lọgun láti ìsàlẹ̀: "Ta nìyẹn?"

Mo ti fèrèsé.
Mo pẹ́ dé kíláàsì.