Wàràsíọ́mù

Kò sẹ́nìkan nínú wa tó ka sáyẹ́ǹsì kọjá Fọ́ọ̀mù Tíríì
àfi Tísà Wòrú,
tó fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ wọn ní kẹ́mísírì l'Ómù-Àrán,
tó wá fẹ̀yìn tì sórí táyà ògbólógbòó
lẹ́nu ìsọ̀ Kúránga, atúnfíríìjì-ṣe, ní Pákátà.

Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì la máa ń pé síbẹ̀.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, Sáàdù ló bèèrè
ohun tó dé tí fíríìjì ìyàwó òun fi ń làágùn
nígbà tí kò síná láti àná.
Kúránga ò gbójú sókè, súpánà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀:
“Wàràsíọ́mù rẹ̀ ló ti rẹ̀.”

Kẹ́kẹ́ pa.
Ta ni yóò kọ́kọ́ sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n?
Jàmíù onígbàjámọ̀ mi orí bíi dókítà:
“Mo ti fura. Tí wàràsíọ́mù bá ti rẹ̀,
fàgàlọ́tíìnì ló máa ń gòkè.”
“Olójú kan ni àbí olójú méjì?” èmi náà bèèrè,
èmi télọ̀, tí n ò mọ̀ ju okùn ìwọ̀n lọ.
Tísà yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí bùbá nù ún.
“Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò kàwé.
Tó bá ti di jọ́gẹ̀dẹ̀ mẹ́rin, fàgàlọ́tíìnì kì í gòkè mọ́.
Ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rìn, bí alákàn odò Àsà.”

Jàmíù ni ẹ̀rín kọ́kọ́ já mọ́ lẹ́nu.
Òun ló ra wàrà díndín yí wa ká.
Bó ṣe dòfin nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ alẹ́ la fi ṣe é.
Lọ́jọ́ kan Tísà ní, “Máńganíìsì.”
Sáàdù di ikùn mú: “Èyí ga jù! Níbo lẹ ti hú u jáde?”
Tísà dákẹ́ díẹ̀.
“Nínú ìgò kan ni, l'Ómù-Àrán. Ó dúdú bí èédú.”
“Ẹ má purọ́ mọ́, Bàbá!”
Òun náà wá rẹ́rìn-ín,
ó sì sanwó wàrà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló jẹ ẹ́.

Àfìgbà tí Àráfátù oníyìnyín
gbé ìwé kan wá láti ọwọ́ atúnfíríìjì-ṣe kan ní Gàá-Akanbí:
*Wàràsíọ́mù tuntun, ti Jámánì: ẹgbẹ̀rún méje náírà.*
“Ẹ jọ̀ọ́, Kúránga, ṣé òótọ́ ni pé ti Jámánì ló ń pẹ́?”

Kúránga wo ìwé náà títí,
bí ẹni tó pàdé ọmọ tí kò mọ̀ pé òun bí
ní ìlú onílùú.
Jàmíù ń jẹ ètè. Èmi ń ka ìràwọ̀.
“Ẹ gbé e wá lọ́la, ìyá. Ọ̀fẹ́ ni màá tún un ṣe.”
“Wàràsíọ́mù ńkọ́?”
“Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀. Kò ní pa á lára.”

Ó dúpẹ́, ó ṣàdúà fún un, ó lọ.
A ń gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀.

“Ti Jámánì!” ni Tísà wí, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.
Ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kan dá lálẹ́ ọjọ́ náà.
A ò mọ ẹni tí yóò ra wàrà.