Ìlà Ìkẹyìn

Vazha, àbúrò mi, gbé pẹ́ńsù wá.
Ẹgbàá mẹ́sàn-án lárì ni báǹkì yá wa,
kò lé kọ́bọ̀.
Má tíì dárúkọ tábìlì ìpo-ohùn gbọọrọ yẹn
tí bọ́tìnnì rẹ̀ tò bí eyín ọ̀nì.
Ẹwà kì í san owó iná.

Kọ kọ̀ǹpútà ṣáájú,
èyí tí ogójì ohùn kò ní fún lọ́rùn
nígbà tí oníbàárà bá jókòó tì wá, tó ń wo aago.
Kọ díráìfù méjì: iṣẹ́ olówó kì í sùn sójú kan.
Sọ́fítíwià ńkọ́? Èyí tí a ó rà lẹ́ẹ̀kan ni,
kì í ṣe èyí tí yóò máa kanlẹ̀kùn lóṣooṣù bí onílé.
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Batumi ní òun lè jí ọ̀kan fún wa lọ́fẹ̀ẹ́.
Sọ fún un pé a kí i.

Gbohùngbohùn méjì:
ọ̀kan fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́,
ọ̀kan fún ẹni tó ń pariwo, tó sì máa ń gbé e ṣubú.

Dúró ná.
Pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Ṣé o gbọ́? Ẹ̀ẹ̀mejì ló padà.
Ilé búrẹ́dì ni yàrá yìí fún ọgbọ̀n ọdún,
táìlì ara ògiri rẹ̀ kò mọ bí a ṣe ń dákẹ́.

Bí mo ṣe gun òkè Tusheti lọ bá Imeda darandaran nìyẹn.
Ó ta irun àgùntàn fún mi, àpò mẹ́tàdínlógún,
tẹ̀gún tẹ̀gún.
A rán aṣọ bò ó, a kàn án mọ́ ògiri.
Mo tún pàtẹ́wọ́. Ohùn náà lọ, kò dágbére.

Oníbàárà àkọ́kọ́ wá polówó omi inú ìgò.
Òjò ń rọ̀. Ó fa imú:
"Ṣé ẹ ń sin àgùntàn níbí ni?"
Mo ní, "Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, ọ̀gá."
Ó sanwó.

Síbẹ̀ nǹkan kan ń kùn nísàlẹ̀ ohùn rẹ̀,
tínínrín, bí ẹ̀fọn inú àpótí.
O fẹ́ ra sọ́fítíwià apariwo, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin lárì.
Èmi fetí ti ògiri:
fíríìjì Makvala ni, ará ṣọ́ọ̀bù kejì,
tó ń ta wàrà gbígbẹ àti ọtí líle.

Ìdí nìyẹn tí ìlà ìkẹyìn fi kà báyìí,
lábẹ́ wáyà, lábẹ́ àga tí kì í ké:
Fíríìjì Makvala, pípa á fún wákàtí kan, lárì márùn-ún.
Bí wàrà bá bàjẹ́, àwa la ó jẹ ẹ́.