Ìwé Olójú-ewé Ogójì

Àwọn aago tó ti kú ni mo ń bá gbé ní Sápọ́n, l'Abẹ́òkúta.
Mo ń jí òmíràn, òmíràn a kọ̀ jálẹ̀.
Lábẹ́ tábìlì, nínú agolo bisikíìtì tó ti dípẹtà,
ìwé kan wà níbẹ̀, olójú-ewé ogójì,
wọ́n tẹ ìsọdipúpọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, láti oní méjì dé oní méjìlá.
Inú rẹ̀ ni mo ń ya ohun tí kò tíì sí láyé sí.

Ojú-ewé kìíní: aago tí kì í ka wákàtí.
Ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa kà.
Bó bá ru kọjá ààlà, kò ní dún, kò ní tàn,
kò ní dójú ti ẹnikẹ́ni láwùjọ,
á kàn kan ọrùn-ọwọ́ bí àlejò tó mọ̀wà hù ṣe ń kanlẹ̀kùn:
kó, kó, kó.
Jókòó, ìwọ obìnrin yìí. Sọ ẹrù kalẹ̀.

Èyí tó tẹ̀lé e gbé mi dé Ìtòkú, lọ́dọ̀ Ìyá Ṣódípọ̀ aláró.
Mo ní, aṣọ ìbora ọmọ tuntun ni mo ń wí,
kó dúdú minimini nígbà tí ara ọmọ bá tutù,
kí ibà dé lóru, kí aró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá,
kí funfun yọ lára rẹ̀ bí oṣù,
kí ìyá rí i láìtanná,
torí ta ló gbẹ́kẹ̀ lé iná Nẹ́pà?
Ó ní, "Aró tó bá ṣá, oníbàárà á dá a padà."
Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá ó ní,
"Eélòó lẹ rò pé a lè máa tà á?"

Ṣíbí wà níbẹ̀, tí í korò bí ewúro bó bá ti kan ṣúgà.
Tíṣà Fálọ́lú ni mo yà á fún,
ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ti gba ọmọ-ìka ẹsẹ̀ méjì lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó wo àwòrán náà títí.
"Ọ̀rẹ́ mi, máa ṣe é," ló wí.
"Ọwọ́ ni n óò máa fi jẹ gààrí mi."

Mopélọ́lá ọmọ mi, tó ń ta oògùn ní Ìdí-Àbá,
ṣí ìwé náà, ó ní, "Bàbá, wọ́n ti ṣe aago yìí.
Ó wà nínú gíláàsì wa, owó rẹ̀ ju owó ilé yín lọ."
Mo ní, ṣé tiwọn ń kanlẹ̀kùn?
Ó ní rárá, ńṣe ló ń han gooro.
Mo ní, kò tíì sí nìyẹn.

Ojú-ewé ogójì, mi ò ya nǹkan kan síbẹ̀.
Ẹ̀rọ tí í yẹ "a dúpẹ́" wò ni ì bá wà níbẹ̀.
Ọdún mẹ́ta gbáko ni Àṣàbí fi ń dá mi lóhùn láàárọ̀:
orí ń fọ́ ọ, a dúpẹ́,
òòyì ń kọ́ ọ lórí àtẹ̀gùn, a dúpẹ́,
lọ́jọ́ tó ṣubú létí kànga, tí ahọ́n ti wúwo,
bóyá ohun tó fẹ́ sọ náà nìyẹn.
Èmi tí mo lè fi etí lásán mọ̀
pé eyín kan ti jẹ nínú aago àjèjì,
mo sùn ti ọkàn kan fún ọgbọ̀n ọdún,
mi ò gbọ́.

Lánàá, lẹ́yìn òjò, tí ẹrẹ̀ ṣì wà lójú títì,
obìnrin kan gbé aago ọkọ rẹ̀ wá.
Mo ní, ṣé àlàáfíà ni?
Ó ní, a dúpẹ́.
Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti tú okùn bàtà,
ẹsẹ̀ wú bo kókósẹ̀.
Mo yọ awò kúrò lójú, mo tún un béèrè.
Ó dákẹ́.
Ó wá àpótí fẹ̀yìn-fẹ̀yìn, ó fọwọ́ kàn án, ó jókòó.
Aago náà ṣì wà lọ́wọ́ mi,
mi ò tíì ṣí i.