Ohùn Lẹ́bàá Ààrò

Ogún tábúlẹ́ẹ̀tì ló dé sílé ẹ̀kọ́ wa lóṣù Èrèlé,
nínú páálí tí yìnyín ti mú rin gbindin.
Awakọ̀ tó gbé wọn gun òkè Naryn wá
ní kí n fọwọ́ síwèé, ó mu ife tíì kan, ó lọ.
Ẹrù ló já sílẹ̀; ẹ̀rù ló wọlé tọ̀ mí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi ẹfun kọ́ ọmọ ní ìṣirò.
Ẹfun kì í béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé.
Ẹfun kì í ní kí n dúró ná, òun ń ronú.
Mo kó gbogbo wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ àpò,
ni Aizirek, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, bá ní,
“Tíṣà Totugul, ṣé ẹ̀rù wọn ń bà yín ni?”

Ó ń bà mí. Kí ni n ó purọ́ fún ọmọdé sí?

A bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọjá lórí odò tó dì.
Lọ́jọ́ kan a ya fọ́tò ọ̀pá yìnyín tó rọ̀ létí òrùlé,
láàárọ̀, lọ́sàn-án, nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀,
a wọn bó ṣe ń kúrú, a fà á sórí pátákó:
ẹfun lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ẹ̀rọ lọ́wọ́ òsì.
Lọ́jọ́ kejì íńtánẹ́ẹ̀tì ò wá. A ka ìwé.

Kubat ló máa ń jókòó lẹ́yìn, lẹ́bàá ààrò.
Fún ọdún méjì, n ò gbọ́ ju “mo wà” lọ lẹ́nu rẹ̀.
Ahọ́n rẹ̀ a máa kọsẹ̀ lára ọ̀rọ̀,
àwọn tó kù a sì ti máa rẹ́rìn-ín kó tó dìde.
Mo ní kí oníkálukú gbé ẹ̀rọ relé,
kó ka ojú ewé kan sínú rẹ̀.

Ní Mọ́ńdè mo tẹ ti Kubat.
Ọmọ àgùntàn ń ké lẹ́yìn ohùn náà,
ẹnì kan ń koná, ṣíbí ń ró lára ìkòkò,
ohùn náà sì ń bọ̀ láàárín wọn, kò sáré,
ó kọsẹ̀, ó dìde, ó tún ọ̀rọ̀ náà mú
bí ẹṣin arúgbó tó mọ̀nà ilé.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Wọn ò tilẹ̀ mọ ẹni tó ni ín.

Ó ku ìlà kan. Bátìrì kú.
Ojú ẹ̀rọ dúdú; ojú ara mi ni mo rí nínú rẹ̀.
Mo ń wá wáyà lábẹ́ tábìlì
nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́bàá ààrò:
“À-à-àwọn ẹ-ẹran náà sì délé kí ilẹ̀ tó ṣú.”

N ò wá wáyà náà mọ́.

Lẹ́tà ti dé láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́. Wọ́n fẹ́ mọ
wákàtí mélòó là ń lò wọ́n lọ́sẹ̀,
àti iye ọmọ tó ti ipa wọn yege.
Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún èsì ò ju ìka kan lọ.
Mo kọ nọ́ńbà sí i.
Mo yí ìwé náà padà, mo kọ orúkọ Kubat sẹ́yìn rẹ̀,
mo sì tún pa á rẹ́. Tiwa nìyẹn.